Òjò Inú Fídíò: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Fọ Àwòrán Àtijọ́, àti Ohun Tó Lè Bá Omi Lọ

Bí ẹ bá wọ ilé àwọn àgbà ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà Àkókó lónìí, kò ní ṣòro kí ẹ rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúdú mélòó kan nínú àpótí tàbí lábẹ́ ibùsùn. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀, bírò náà sì ti ń ṣá: "Ìsìnkú Màmá", "Ìgbéyàwó", "Ìwúyè". Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó ti dẹnu kọlẹ̀ tipẹ́. Bí ọmọ ilé kan bá wá gbé e lọ fún ẹni tí yóò kó o sínú kọ̀ǹpútà, àwòrán á jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò á bò ó: àmì wínníwínní tó ń fò káàkiri, ìlà funfun tó ń sáré kọjá, àwọ̀ pupa tó ń ṣàn kúrò lára aṣọ lọ sára ògiri.

Ariwo ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pe ohun tó ń da àwòrán rú báyìí. Àwa yóò máa pè é ní òjò nínú àròkọ yìí, nítorí bó ṣe rí lójú nìyẹn. Lóde òní, ètò orí kọ̀ǹpútà, àní orí fóònù pàápàá, wà tó lè mú òjò náà kúrò pẹ̀lú títẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo. Inú ẹbí á dùn, wọ́n á ní àwòrán ti mọ́. Ìbéèrè tiwa ni pé: kí ni ó bá òjò lọ?

Ìtàn òjò yìí la fẹ́ sọ: ibi tó ti wá, bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ti ń bá a jà láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àti ìdí tí kò fi yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn nìkan.

Láti Chicago dé Ìbàdàn

Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, ilé iṣẹ́ Ampex ti Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ kan han àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní ìlú Chicago. Ẹ̀rọ náà tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, téèpù rẹ̀ sì fẹ̀ ní íńṣì méjì. Òun ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ṣeé tà fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n láti fi gba àwòrán sórí téèpù, kí wọ́n sì tún gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Kí ó tó dé, ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ètò tẹlifíṣọ̀n pa mọ́ ní láti gbé kámẹ́rà fíìmù síwájú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, kí ó máa ya ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Gbogbo wa la mọ àkọlé tí ilé iṣẹ́ náà fi ń ṣe fáàrí, pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé téèpù ayé ìgbà náà wọ́n bí ojú, ó sì ṣeé lò léraléra. Ohun tó bá ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì, ta ni yóò gbé e pa mọ́? BBC pàápàá, pẹ̀lú gbogbo owó tó ní, nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò rẹ̀ rẹ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970. Ó lé ní 90 apá eré Doctor Who tí wọ́n wá títí tí wọn kò rí. Téèpù kì í ṣe ilé ìkó-nǹkan-pamọ́ nígbà náà, pátákó ìkọ̀wé ni: ẹ kọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ tún kọ òmíràn.

Ọdún 1976 ni nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí Àkókó sì bọ́ sábẹ́ Àkúrẹ́ dípò Ìbàdàn. Kí ọdún náà tó parí, ilé iṣẹ́ JVC ti Japan gbé VHS jáde sọ́jà. Téèpù rẹ̀ kò ju ìdajì íńṣì lọ ní fífẹ̀, ó wà nínú páálí ike, ẹnikẹ́ni tó bá sì lówó lè rà á sílé.

Ṣùgbọ́n ohun olówó pọ́ọ́kú náà ní ibi tó ti ń gba owó rẹ̀. Kí àwòrán tó lè wọ inú téèpù tóóró yẹn, wọ́n ní láti gé lára rẹ̀. Kúlẹ̀kúlẹ̀ tí VHS lè gbà láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún àwòrán kò ju nǹkan bí ìlà 240 lọ, nígbà tí àwòrán tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń gbé jáde tó 400. Àwọ̀ ni wọ́n tilẹ̀ fún pọ̀ jù. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwòrán, wọ́n tì í sí yàrá kékeré kan ní ìsàlẹ̀ téèpù, níbi tí àyè ti há gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ inú VHS fi máa ń ṣàn bí aró tí kò mú. Kì í ṣe pé kásẹ́ẹ̀tì yín ti bàjẹ́ nìkan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á ló ti ń ṣàn.

Nígbà tí fíìmù di fídíò

Àwa tí a bá ìwé ìtàn eré Yorùbá pàdé ní kíláàsì ti ka apá yìí rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó láti ojú òjò. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Àyé ní 1979, orí fíìmù ló ti ṣe é. Orí fíìmù náà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ìyẹn Bàbá Sàlá, ti ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Owó ńlá ni fíìmù ń jẹ, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ ọ́. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà Ọ̀run Móoru sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ Bàbá Sàlá lọ́rùn. Kásẹ́ẹ̀tì tó gba ẹnu oníṣẹ́ náà ló tún wá gba iṣẹ́ náà là fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí ẹ̀dà fídíò ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ eré náà.

Lẹ́yìn tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 ti sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, fíìmù ríra di ohun tí apá ò ká. Ní 1988 Adé Ajíbóyè gbé Ṣòṣò Méjì jáde lórí fídíò, Àlàdé Arómirẹ́ sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ẹkùn ní 1989. Èyí ṣẹlẹ̀ kí Living in Bondage tí gbogbo ayé ń pariwo tó dé ní 1992. Ní 1993 Túndé Kèlání, ẹni tó ti ṣe ayàwòrán ní WNTV rí, gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde.

Nítorí ìtàn yìí, oríṣi àbàwọ́n méjì ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì eré àtijọ́, kò sì yẹ ká pa wọ́n pọ̀. Èkíní ni hóró. Fíìmù kì í ní àwòrán kankan lẹ́yìn hóró rẹ̀: hóró wẹ́wẹ́ inú kẹ́míkà ni ìmọ́lẹ̀ bà tí ó fi di àwòrán. Ẹni tó bá yọ gbogbo hóró kúrò nínú Àyé, ara àwòrán náà gan-an ló ń ha. Èkejì ni ariwo, ìyẹn òjò tiwa. Òun kò sí lára ohun tí kámẹ́rà rí. Ẹ̀rọ, téèpù, iná àti afẹ́fẹ́ ló dà á sí i. Eré tí wọ́n ya lórí fíìmù, tí wọ́n wá dà sórí VHS, ní méjèèjì pọ̀: hóró nísàlẹ̀, òjò lókè. Ẹni tó fẹ́ fọ òjò ní láti mọ ibi tí hóró ti bẹ̀rẹ̀.

Oríṣi òjò mẹ́rin ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ìkàrẹ́ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó, Ọ̀kà sì ni ti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Òkè àti àpáta yí àwọn ìlú méjèèjì ká. Ẹwà ni fún ojú, ṣùgbọ́n ìyà ni fún ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Ìgbì tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n kò mọ bí a ṣe ń yí òkè po: bí òkè bá dúró sáàárín ilé yín àti òpó tó ń fọ́n ètò ká, díẹ̀ ni yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń na páìpù tàbí ọparun gíga sókè pẹ̀lú eriali lórí, tí ẹnìkan á máa yí i lóde, tí ẹlòmíràn á máa kígbe láti inú ilé pé, "Ó ti dé! Ó tún ti lọ!" Òjò àkọ́kọ́ nìyẹn, òjò ojú ọ̀run. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fídíò gba ètò náà sílẹ̀, tòun ti òjò rẹ̀ ni wọ́n gbà á.

Òjò kejì ni ti kámẹ́rà. Ayẹyẹ wa kì í mọ ní ọ̀sán. Àìsùn ìsìnkú, àríyá ìgbéyàwó, òru ni adùn wọn wà, nígbà mìíràn pẹ̀lú gílóòbù kan ṣoṣo àti jẹnẹrétọ̀ tó ń hu lẹ́yìn ilé. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, kámẹ́rà á gbìyànjú láti fa díẹ̀ tó rí gùn, bí ẹni tó gbé ohùn rédíò tí kò gbà dáadáa sókè. Ohùn á pọ̀ sí i, ariwo náà á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ibi òkùnkùn inú àwòrán fi máa ń ho bí omi gbígbóná.

Ẹ̀kẹta ni òjò ẹ̀dà. Ẹni tó sanwó ayẹyẹ ló ń gba kásẹ́ẹ̀tì gidi. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó fẹ́ tirẹ̀, àbúrò tó wà ní London náà fẹ́ tirẹ̀. Wọ́n á so ẹ̀rọ méjì pọ̀, wọ́n á da ọ̀kan sí èkejì. Ní ìran kọ̀ọ̀kan, òjò ẹ̀rọ tuntun á dà sórí òjò tó ti wà nílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kẹta tàbí ìkẹrin ni ó sábà máa ń ṣẹ́ kù sílé, nítorí ẹ̀dà gidi ni gbogbo èrò wá yá, tí ẹni tó yá a kẹ́yìn kò sì dá a padà.

Ẹ̀kẹrin ni òjò ọjọ́ orí. Téèpù jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi nǹkan bíi gọ́ọ̀mù lẹ lúbúlúbú irin mọ́. Lára lúbúlúbú yẹn ni àwòrán wà. Ọ̀rinrin ìgbà òjò a máa wọ inú gọ́ọ̀mù náà, a máa mú kí ó rọ̀, kí ó máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn a máa bu bí ògì tó ti pẹ́, funfun á hù sí etí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Ibi tí lúbúlúbú bá ti ṣí kúrò, àwòrán kò sí níbẹ̀ mọ́, ìlà funfun kúkúrú ni ẹ óò rí.

Oríṣi mẹ́rin yìí kò jọra, bẹ́ẹ̀ ni oògùn wọn kò jọra. Ẹni tó bá fi asẹ́ kan ṣoṣo sẹ́ gbogbo wọn dà bí adáhunṣe tó ń fi àgbo ibà wo ẹsẹ̀ dídá.

Ìtàn asẹ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe kì í tilẹ̀ ṣe fífọ òjò, bí kò ṣe títo àwòrán. Téèpù a máa nà, mọ́tò a máa wàrìrì, ìlà inú àwòrán kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ní àkókò kan náà. Ìdí nìyẹn tí etí òpó ilé tó dúró ṣinṣin fi máa ń já bí ejò nínú fídíò. Ní nǹkan bí 1973 ni ẹ̀rọ oní-nọ́ńbà tó ń tún àkókò ṣe dé ọjà. Ó máa ń gba ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tú wọn sílẹ̀ létòlétò, bí olùkọ́ tó ń to àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Títí di òní, ẹni tó ń kó VHS sínú kọ̀ǹpútà tí kò lo irú ẹ̀rọ yìí ti pàdánù kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni asẹ́ gan-an dé. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní BBC àti níbòmíràn ń lo ọgbọ́n kan tó rọrùn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé kámẹ́rà dojú kọ àga kan tí kò kúrò lójú kan. Nínú férémù 25 tí fídíò wa ní láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi kan náà ni àga náà yóò wà, ṣùgbọ́n òjò á máa yí ipò padà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Bí a bá kó férémù mẹ́rin papọ̀, tí a pín wọn dọ́gba, àga á dúró gedegbe, òjò á sì dín kù sí ìdajì. Bí a bá kó mẹ́rìndínlógún papọ̀, ó di ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ọgbọ́n yìí dára fún ohun tó jókòó. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣe fún ẹni tó ń jó? Ẹsẹ̀ oníjó kò sí ní ibi kan náà nínú férémù méjì. Bí a bá kó wọn papọ̀, ẹsẹ̀ náà á di òjìji, á máa fa ìrù. Ẹ fojú inú wo ayẹyẹ ìwúyè: àwọn ìjòyè tó jókòó á mọ́ bíi dígí, àwọn onílù àti àwọn oníjó á di iwin. Ìdí nìyẹn tí gbogbo iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e fi dá lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ ohun tó ń rìn, kí ó sì tẹ̀ lé e dé ibi tó ń lọ kí ó tó pín in.

Ní nǹkan bí ọdún 2000, asẹ́ bọ́ sọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ bíi VirtualDub àti AviSynth jáde, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lásán sì lè ṣe ohun tó jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó gọbọi nìkan ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní 2005, Antoni Buades, Bartomeu Coll àti Jean-Michel Morel gbé ọ̀nà mìíràn jáde tó yẹ kí inú àwa akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn dùn sí. Dípò kí ó wo àwọn tó múlé gbe hóró kan nìkan, ọ̀nà yìí máa ń wá gbogbo ibi tó jọra nínú àwòrán, á sì fi wọ́n wé ara wọn kí ó tó pinnu ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn bí a bá gba oríkì kan lẹ́nu ẹni mẹ́wàá: ohun tí gbogbo wọn sọ, a gbà á. Ohun tí ẹnìkan ṣoṣo sọ, a fura sí i. Ewu inú rẹ̀ náà la sì mọ̀, nítorí nígbà mìíràn ẹnìkan ṣoṣo náà ló mọ òtítọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti ọgbọ́n àtọwọ́dá. Kì í ṣe asẹ́ mọ́. Wọ́n ti fi àìmọye àwòrán kọ́ ọ, bí ó bá sì rí ojú tó ṣú, ohun tí ó rántí ni yóò fi dí i. Àwòrán tó ń jáde a máa dán, a máa wuni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fọ̀ yàtọ̀ sí aṣọ tuntun tí wọ́n rán láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí asẹ́ ń gbé lọ

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan mẹ́rin tí asẹ́ lè gbé lọ nínú kásẹ́ẹ̀tì ayẹyẹ wa.

Èkíní ni ilà ojú. Ilà pélé jẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú VHS tí ìlà rẹ̀ kò ju 240 lọ, tí kámẹ́rà sì jìnnà díẹ̀, ilà náà lè má ju àmì fẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì lọ. Asẹ́ tó le kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti òjò. Yóò na ojú ìyá àgbà gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ bíi bọ́tà. Ọgbọ́n àtọwọ́dá burú jù bẹ́ẹ̀: bí ojú tó ní ilà kò bá pọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ojú tí kò ní ilà ni yóò fún yín padà. Ilà ń dín kù lójú wa, kò sì sí ìran tuntun tí yóò kọ ọ́ mọ́. Bí a bá pa á rẹ́ nínú fídíò, ẹ̀ẹ̀mejì ni a pa á rẹ́.

Èkejì ni aṣọ. Ilà wẹ́wẹ́ inú aṣọ òkè àti kíjìpá máa ń da ètò àwọ̀ inú fídíò láàmú. Ẹ̀rọ á rò pé àwọ̀ ni, á máa da òṣùmàrè sára aṣọ náà bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ti mira. Asẹ́ á mú òṣùmàrè náà kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè mú ilà aṣọ kúrò pẹ̀lú, kí aṣọ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ hun wá dà bí ẹyọ kan tí kò ní ọnà.

Ẹ̀kẹta ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn VHS lásán ní ariwo ṣíṣàn kan nínú, ẹni tó ń fọ fídíò sì sábà máa ń fọ ohùn pẹ̀lú. Asẹ́ ohùn ń wá ohun tó tàn káàkiri lókè, tí kò ní ohùn kan pàtó. Kí ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́? A ó gbọ́ dùǹdún, a ó gbọ́ agogo, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa gbọn afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni èdè fúnra rẹ̀, èyí ló sì kàn wá jù. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ohùn ènìyàn, níbi tí asẹ́ kì í sábà dé. Nítorí náà àmì ohùn á yè. Ṣùgbọ́n f, s àti ṣ jẹ́ ariwo lásán ní ti ẹ̀rọ, ti s sì wà lókè ju ti ṣ lọ, ní ibi tí téèpù àtijọ́ ti rẹ̀ jù. Ẹni tó bá sẹ́ ohùn jù lè má mọ̀ bóyá "sá" ni àgbà náà sọ ni tàbí "ṣá". Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń mọ ẹ̀ka-èdè tí ènìyàn ń sọ.

Àkókó kì í ṣe ibi tí a lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Èdè tó wà lágbègbè kékeré yìí pọ̀: Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, Arigidi àti àwọn ìlú tó yí i ká ní tiwọn, Ukaan tún wà ní Ìkákùmọ̀ àti àwọn ìlú bíi mélòó kan. Sophie Salffner gba ohùn àwọn tó ń sọ Ukaan sílẹ̀, ó sì kó wọn sí ilé ìkó-èdè-pamọ́ ELAR, tó wà ní SOAS ní London kí wọ́n tó gbé e lọ sí Berlin ní 2021. Ìlànà àwọn onímọ̀ tó ń gba èdè sílẹ̀ yé kooro: ẹ gba ohùn bó ṣe rí, ẹ má fún un pọ̀, ẹ má fọ ọ́. Àmọ́ àwọn àgbà tó ti lọ ṣáájú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó dé, inú kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsìnkú ni ohùn wọn wà. Kò sí ibòmíràn.

Ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí wa. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ka ìwé Yorùbá àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ètò tó ń nu ìdọ̀tí kúrò lójú ìwé a máa rò pé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ èérí. Á nù ún. "Ọkọ́" á di "oko" láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ìbàjẹ́ kankan ní ojú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ Yorùbá ń pe ara Yorùbá ní ìdọ̀tí. Ohun kan náà ló ń ṣe sí ilà ojú.

Bí ó ṣe yẹ ká ṣe é

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọ fídíò. Ẹbí ní ẹ̀tọ́ láti rí ojú ìyá wọn kedere. Ṣùgbọ́n ètò wà nínú iṣẹ́ náà.

Kíkó sínú kọ̀ǹpútà ló ṣáájú, òun ló sì ń kánjú jù. Funai ti Japan, ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró ní 2016. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA ké sí gbogbo ayé pé lẹ́yìn nǹkan bí 2025, yóò ṣòro gan-an láti rí ẹ̀rọ tó lè ka téèpù. Ọdún náà ti dé. Kí wọ́n yẹ kásẹ́ẹ̀tì wò kí wọ́n tó kì í bọ ẹ̀rọ, nítorí èyí tó ti bu yóò ba ẹ̀rọ jẹ́, yóò sì kó bá kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n wá ẹ̀dà tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́ jù. Òjò ẹ̀dà, kò sí asẹ́ tó lè mú un kúrò bíi kí a rí kásẹ́ẹ̀tì gidi.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kó o bó ṣe rí, tòjò-tòjò, sínú fáìlì tí kò sọ nǹkan kan nù. Irú FFV1 wà fún èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Fáìlì náà á tóbi, ṣùgbọ́n òun ni ìyá. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fọ̀, kí ó sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹ bá dá fídíò náà dúró, kí ẹ fi èyí tí a fọ̀ wé èyí tí a kò fọ̀: ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wo ilà aṣọ, ẹ wo ọwọ́ onílù. Bí ohun tó wà nínú ìyá kò bá sí nínú ọmọ, asẹ́ ti le jù. Ẹ dín in kù. Ìwọ̀nba òjò tó kù kò pa ẹnikẹ́ni.

Ohun kan tún wà tí kò sí asẹ́ tó lè ṣe é. Nígbà tí ẹ bá ń wo fáìlì náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nílé, kí ẹ mú bírò àti ìwé dání. Ẹ bi í pé ta nìyí, ọmọ ta ni, kí ni wọ́n ń fi ìlù sọ níbẹ̀ yẹn, ọdún wo ni. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi í sí ibi kan náà pẹ̀lú fáìlì náà. Ẹ̀rọ tó máa dé lọ́jọ́ iwájú lè fọ òjò dáadáa ju tòní lọ, bí a bá ti tọ́jú ìyá fáìlì dè é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ kankan tí yóò sọ orúkọ obìnrin tó jókòó lápá òsì nínú aṣọ aláró, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti lọ.